Exe tí ẹ ń ṣe yẹn ò bo kóòdù yín o: ìrírí mi

Ẹni tó bá sọ fún yín pé tí ẹ bá ti sọ script yín (kóòdù tí ẹ kọ) di exe (fáìlì tí èèyàn kàn máa tẹ̀ kó ṣiṣẹ́), kóòdù inú ẹ̀ ti pamọ́ nìyẹn, ẹ má dá a lóhùn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n mọ̀. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi pé script àwọn ti sọnù, kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ẹni tó bá wọn kọ ọ́ ti lọ, exe nìkan ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn, ṣé mo lè bá wọn yọ kóòdù náà jáde. Mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀rí pé àwọn ló ni ín, torí mi ò fẹ́ wàhálà ẹni ẹlẹ́ni, lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń yọ ọ́, ìgbà míì wọn ò tíì parí àlàyé tí mo ti ń wo kóòdù náà lójú. Inú wọn á dùn, wọ́n á dúpẹ́, ó máa tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á wá ní "ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo ti tà fún àwọn kọsítọ́mà ńkọ́, ṣé ẹlòmíì lè ṣe é báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni o, àbúrò, ohun kan náà ni.

Ìdí ẹ̀ ò le. Python, PowerShell, AutoHotkey, bash, JavaScript, gbogbo wọn ló nílò interpreter tó máa ka kóòdù náà kó tó ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ fún ẹni tí ò ní Python lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ohun tó ń bá yín ṣe exe yẹn á kó interpreter, á kó àwọn library tí ẹ lò, á kó script yín, á di gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, á wá fi pírógíráàmù kékeré kan síwájú tó máa tú u nígbàkígbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹrù dídì ni, kì í ṣe ẹrù títì. Kódà tí wọ́n bá tì í, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ níbì kan, torí kọ̀ǹpútà kọsítọ́mà yín ló máa ṣí i, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ máa bá a tẹ páswọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá sì lè ṣí, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà lè ṣí i. Gbogbo nǹkan tó kù tí mo fẹ́ sọ, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé exe AutoHotkey kan wá, nǹkan tó ń bá wọn kó nọ́ńbà láti inú Excel sínú fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ahk2Exe, èyí tó ń sọ script AutoHotkey di exe, ni wọ́n fi ṣe é bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é. Mo fi Resource Hacker, tó ń fi ohun tó wà nínú exe hàn, ṣí fáìlì náà, ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i, mo wo apá òsì, mo rí ibi tí wọ́n kọ RCDATA sí, mo tẹ̀ ẹ́, script náà ló nà gbalaja síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ lásán tí ẹ lè kọ́pì kí ẹ sì gbé sínú Notepad. Ẹni tó gbé e wá ní ṣé idán ni. Mo ní rárá, jókòó kí ìwọ náà ṣe é, ó ṣe é, kò tó ohun tí à ń mu omi sí.

Wọ́n ní ohun tó pamọ́, ojú Ọlọ́run tó o. Ti exe yìí, ojú ẹnikẹ́ni tó bá ti ní súùrù díẹ̀ tó o.

Ti Python ni wọ́n ń gbé wá jù, PyInstaller, èyí tó ń sọ Python di exe, ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. PyInstaller kì í kó fáìlì .py yín gan-an sínú exe, ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ di bytecode (àṣẹ kéékèèké tí interpreter Python ń kà), irú èyí tó máa ń wà nínú .pyc, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ó ti tán. Lóòótọ́ gbogbo comment yín ti lọ. Àmọ́ orúkọ function wà níbẹ̀, orúkọ variable wà níbẹ̀, docstring wà níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní kí wọ́n yọ ọ́, gbogbo string tí ẹ kọ láàárín àmì ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀ pé pérépéré. Script kan wà tó ń jẹ́ pyinstxtractor, ẹ kàn máa fún un ní exe náà, á tú u sínú fódà tó ní orúkọ exe yẹn pẹ̀lú "_extracted" nídìí, ẹ máa rí .pyc script àkọ́kọ́ yín níbẹ̀, ẹ máa rí fódà PYZ tí gbogbo module yòókù wà, yálà ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ tàbí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ Python 3.8 sí ìsàlẹ̀ ni, uncompyle6, tó jẹ́ decompiler (ohun tó ń yí bytecode padà sí kóòdù), á yí i padà sí .py tó fẹ́ẹ̀ jọ èyí tí ẹ kọ gan-an, ẹ̀yin fúnra yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ìyàtọ̀.

Tó bá jẹ́ Python tuntun, ó máa ń le díẹ̀, mi ò ní parọ́. Pycdc, decompiler míì, máa ń gbìyànjú, tó bá dé ibi kan á kàn dúró, pàápàá ibi tí try àti with bá ti wọ inú ara wọn. Mo ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí tí function kan ṣoṣo kọ̀ tí ò fẹ́ jáde, òun gan-an sì ni ẹni tó ni iṣẹ́ ń wá, torí inú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀dínwó wà. Mo fi module dis tó bá Python wá tẹ bytecode ẹ̀ jáde, LOAD_FAST báyìí, COMPARE_OP báyìí, mo jókòó tì í mo ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ function náà ni calculate_discount. Àwọn variable inú ẹ̀ ní orúkọ tó yé ẹnikẹ́ni, qty, base_price, is_reseller. Kí ni mo tún ń wá? Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye ọjà tó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ̀dínwó tó bẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀ lójú kedere. Ó gbà mí lásìkò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn náà ni gbogbo ààbò tí Python tuntun fún wọn, pé ó fa iṣẹ́ mi gùn. Torí náà tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé "version tuntun ni mo lò, decompiler ò tíì dé ibẹ̀", ẹ bá a dúpẹ́ ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, ọ̀la ni decompiler máa débẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, PyInstaller ní option kan, --key, ẹ máa fún un ní ọ̀rọ̀ kan, á fi AES, ọ̀nà ìtìpa kan tó le gan-an, ti bytecode àwọn module yín pa. Ó dùn létí, AES ni, ta ló máa já AES. Kò sẹ́ni tó nílò láti já a jàre, kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú exe kan náà, nínú module kékeré kan tí orúkọ ẹ̀ gan-an ní crypto_key nínú. Ẹni bá ń tú exe yẹn máa bá kọ́kọ́rọ́ pàdé kó tó bá ilẹ̀kùn pàdé. Nígbà tó di 2023, tí PyInstaller 6.0 jáde, àwọn tó ń ṣe é yọ option yẹn kúrò pátápátá. Inú bí àwọn kan nígbà yẹn, inú tèmi dùn, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fọkàn tán an tí wọ́n wá ń kó nǹkan tí ò yẹ sínú kóòdù wọn.

Àti onefile náà, kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún un. Tí ẹ bá lo --onefile, tó ń di gbogbo ẹ̀ sínú exe kan ṣoṣo, nígbàkígbà tí exe bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń tú àwọn library àti àwọn fáìlì tí ẹ fi --add-data kó sínú ẹ̀ sí fódà kan nínú Temp (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì ìgbà díẹ̀ sí) tí orúkọ ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _MEI, tí ẹ bá ti pa pírógíráàmù yẹn, fódà náà á pa rẹ́. Ẹ ronú sí i: config.json yín, dátábéèsì SQLite kékeré yẹn, gbogbo ẹ̀ wà nínú Temp ní gbogbo àsìkò tí pírógíráàmù bá fi ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni lè ṣí Temp kó kọ́pì ẹ̀, kò tiẹ̀ nílò pyinstxtractor. Exe tí wọ́n ń fi bat (script àṣẹ Windows) ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò yàtọ̀ sí èyí, wọ́n á kọ bat náà sínú Temp, wọ́n á run ún, wọ́n á pa á rẹ́. Ẹni bá yára ju kọ̀ǹpútà lọ, tàbí tó fi pause dá a dúró, á bá a níbẹ̀.

Àwọn ará Linux náà, ẹ má rẹ́rìn-ín wa, shc ti yín wà níbẹ̀. Wọ́n á ní shc ń "kọ̀mpáìlì" bash script. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa fi RC4, ọ̀nà ìtìpa míì, ti ọ̀rọ̀ script yín pa, á kọ pírógíráàmù C tó gbé e dání, tí ẹ bá wá run ún, á ṣí ọ̀rọ̀ náà padà, á wá gbé odindi ẹ̀ fún bash pẹ̀lú -c. Bash kan náà tí ẹ mọ̀ yẹn ló ń ka a! Ìgbà tó bá sì ti gbé e fún bash báyìí, ó ti di ara ohun tí process yẹn fi bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wo /proc (ibi tí Linux ti ń fi gbogbo process tó ń ṣiṣẹ́ hàn), ẹ wá nọ́ńbà process náà, ẹ ṣí cmdline. Àwọn tó ṣe shc mọ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó òfìfo rẹpẹtẹ síwájú script náà kí ps, àṣẹ tó ń to process jáde, lè dà bíi pé kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni bá ka fáìlì yẹn dé òpin máa bá ọ̀rọ̀ nídìí òfìfo. Option -e tí wọ́n fi ń fún un ní ọjọ́ tó máa kú náà wà, ẹni bá dá aago kọ̀ǹpútà ẹ̀ padà ti jí i dìde.

PS2EXE, tó ń sọ script PowerShell di exe, ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù torí pé kì í tan èèyàn. Exe tó bá ṣe, ẹ kàn kọ -extract sí iwájú ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ fáìlì tí ẹ fẹ́, òun fúnra ẹ̀ á tẹ script PowerShell yín jáde fún yín. Ìwé ìlò ẹ̀ sì sọ ọ́ kedere pé kí ẹ má fi páswọ́ọ̀dù síbẹ̀. Electron tí wọ́n fi ń sọ JavaScript di pírógíráàmù ńkọ́? Inú fáìlì app.asar ni kóòdù ẹ̀ wà, àṣẹ kan ṣoṣo ló ń tú u. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nínú gbogbo èyí, kì í ṣe kóòdù yẹn. Ká sọ òótọ́ fún ara wa, ọ̀pọ̀ kóòdù tí à ń dáàbò bò yìí, kò sẹ́ni tó ń wá a. For loop tí ẹ fi ń yí orúkọ fáìlì padà, ta ló fẹ́ jí i? Ohun tí àwọn èèyàn máa ń wá ni ohun tó wà nínú ẹ̀ tí kì í ṣe kóòdù. Mo ti tú exe ilé-iṣẹ́ kan rí, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń bá wọn tajà, mo bá àdírẹ́sì dátábéèsì wọn, orúkọ olùmúlò àti páswọ́ọ̀dù ẹ̀, olùmúlò náà sì lè ka gbogbo tábílì, ó lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mi ò tiẹ̀ tíì tú u tán kí n tó rí i o. Strings lásán ni mo kọ́kọ́ run lórí ẹ̀ kí n lè mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, èyí tó wà nínú Sysinternals, àkójọ irinṣẹ́ Microsoft, ó tẹ ọ̀rọ̀ jáde lọ rẹrẹ, nígbà tó yá mo rí "pwd=" tó ń kọjá lọ. Mo pe ọ̀gá wọn lọ́jọ́ yẹn náà. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kí àwọn lo nǹkan míì tó ń bo kóòdù dáadáa. Mo ní rárá sà, ẹ kọ́kọ́ lọ yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà, ká tó sọ ti nǹkan míì.

Kò sí exe tó lè gbà yín níbi irú eléyìí, kódà tí kóòdù yẹn bá le bí òkúta. Pírógíráàmù náà gbọ́dọ̀ bá sáfà sọ̀rọ̀, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè gbé mitmproxy tàbí Fiddler, tó ń ka ohun tó ń lọ tó ń bọ̀, sáàárín, kó fi sátífíkéètì tiẹ̀ sínú Windows, ọ̀pọ̀ ohun tó ń lọ lórí HTTPS á máa kọjá lójú ẹ̀, API key yín (kọ́kọ́rọ́ tí sáfà fi ń dá yín mọ̀) wà nínú ẹ̀. Kò tiẹ̀ ní mọ èdè tí ẹ fi kọ ọ́.

Torí náà kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ààbò báyìí, ìbéèrè mi ni pé àṣírí ta ni? Tó bá jẹ́ àṣírí ẹni tó ń lo pírógíráàmù ni, páswọ́ọ̀dù ímeèlì tiẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sínú Credential Manager Windows ẹ̀, ibi tí Windows ń pa páswọ́ọ̀dù mọ́ sí, library keyring á bá yín ṣe é ní Python, tiẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló yẹ kó wà. Tó bá jẹ́ àṣírí tiyín ni, kò gbọ́dọ̀ dé kọ̀ǹpútà ẹ̀ rárá. Ẹ ṣe sáfà kékeré kan, kí exe máa bá sáfà sọ̀rọ̀, kí sáfà ló máa bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, kí kọsítọ́mà kọ̀ọ̀kan ní token (àmì ìwọlé) tiẹ̀ tí ẹ lè fagi lé láì da àwọn yòókù láàmú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn kàn fẹ́ nǹkan kékeré, àwọn ò fẹ́ sáfà. Ó dáa, ẹ fún dátábéèsì yẹn ní olùmúlò tí ò lè ṣe ju kó ka tábílì kan ṣoṣo lọ, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá rí i, ohun tí wọ́n rí ò ní pọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo ìyẹn kúrò, tí ó wá ku ọgbọ́n tí ẹ fi kọ kóòdù nìkan, ibẹ̀ la ti lè wá sọ̀rọ̀ Nuitka àti Cython. Àwọn yìí yàtọ̀ sí PyInstaller, torí wọ́n ń sọ Python yín di C, C yẹn á wá di kóòdù ẹ̀rọ, kò sí .pyc tí pyinstxtractor máa tú. Ẹni tó fẹ́ kà á máa gbé Ghidra tàbí IDA, tí wọ́n fi ń ka kóòdù ẹ̀rọ, ó sì máa jókòó pẹ́. Wọ́n ti gbé exe Nuitka wá fún mi rí pé kí n yọ script inú ẹ̀ jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, mo wò ó, mo dá owó wọn padà. Ṣùgbọ́n string ṣì wà nínú ẹ̀ o, ẹ má gbàgbé, tí ẹ bá run strings lórí exe Nuitka, ọ̀rọ̀ error yín, SQL yín, àdírẹ́sì sáfà yín, ẹ máa rí wọn, ẹ̀dà tí wọ́n ń tà fún owó ni wọ́n ti ní ohun tó ń bo ìyẹn. Cython ni èmi ń lò jù, torí mi ò nílò láti kọ̀mpáìlì gbogbo ẹ̀: mo máa ń fi fáìlì kan tàbí méjì tí ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ ṣe .pyd (kóòdù ẹ̀rọ tí Python lè lò), mo á fi èyí tó kù sílẹ̀ fún PyInstaller bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí mo ṣe ya bọ́tìnnì, kó máa rí i.

Obfuscator, ohun tó ń da kóòdù rú kó má ṣeé kà, bíi PyArmor náà wà. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń lé ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn fẹ́ yọjú. Àmọ́ ẹ retí antivirus, torí ohun tó ń ṣe yẹn, kó bo kóòdù, kó wá ṣí i nínú memory, ohun tí vírọ́ọ̀sì náà ń ṣe nìyẹn. Kọsítọ́mà yín á dọ́wńlóòdù ẹ̀, Windows á gbé e jù sínú quarantine, wọ́n á pè yín pé ẹ fẹ́ jí nǹkan wọn. PyInstaller onefile lásán tilẹ̀ máa ń rí irú ẹ̀sùn yìí. Ohun tó ti bá mi dín in kù ni pé kí n lo onedir (exe pẹ̀lú fódà àwọn fáìlì ẹ̀) dípò onefile, kí n pa UPX tó ń fún exe kéré tì (upx -d lásán ló sì ń tú u, kò bo nǹkan kan), kí n fi sátífíkéètì fọwọ́ sí exe náà. Ẹ jọ̀ọ́, fífọwọ́ sí yẹn kì í bo kóòdù, ó kàn ń sọ ẹni tó ṣe é ni, tó bá sì ti yí padà ó máa hàn. Mo ní láti sọ ọ́ torí ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n bi mí.

Lísẹ́ńsì tí ẹ kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ pírógíráàmù, "if not valid: exit", ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò ní já lísẹ́ńsì yín, á kàn yí if yẹn padà ni, ó parí. Kó ṣòro fún un, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan tí pírógíráàmù nílò gan-an wá láti sáfà, kó jẹ́ pé tí ò bá bá sáfà sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà ò ní parí.

Báyìí, kí exe tèmi tó jáde lọ́wọ́ mi, mo máa ń gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì tí kóòdù mi ò sí, mo á ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Strings àkọ́kọ́, mo á wá password, token, http, orúkọ dátábéèsì. Lẹ́yìn ìyẹn pyinstxtractor, mo á ka orúkọ gbogbo fáìlì tó jáde, torí PyInstaller máa ń kó nǹkan tí ẹ ò rò mọ́ ọn, ó ti kó test mi rí, pẹ̀lú àdírẹ́sì sáfà tí mo fi ń dán nǹkan wò. Mo á ṣí Temp nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo á ti fi kóòdù gidi sínú Git níbi méjì, torí kì í ṣe gbogbo exe ló máa gbà kí ẹ yọ ọ́ padà, ti Nuitka tí mo dá owó ẹ̀ padà yẹn, wọ́n ní láti tún gbogbo ẹ̀ kọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta pírógíráàmù ìṣirò fún àwọn tí kì í sábà ní íntánẹ́ẹ̀tì bi mí pé sáfà tí mò ń pariwo yìí, báwo lòun ṣe máa lò ó. Kò lè lò ó. A fi Cython bo fáìlì tí ìṣirò wà nínú ẹ̀, a yọ gbogbo docstring, a fi orúkọ ẹni tó rà á sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kó lè mọ ibi tó ti jò tó bá jò, ó wá lọ bá lọ́yà kọ ìwé àdéhùn tí kọsítọ́mà máa fọwọ́ sí.